Nọ́ńbà 2147483647: báwo ni mo ṣe lè fi yé àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kò sí ohun tó lè pín in?

Olùkọ́_Òṣogbo:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìṣirò ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2, ọ̀rọ̀ kan sì ti dá mi dúró láti ọjọ́ Ajé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà sọ pé òun ń gbá géèmù kan lórí fóònù ẹ̀gbọ́n òun títí máàkì òun fi dé 2147483647, tí ó sì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó kan ògiri. Bí ó ti wù kí òun tún gbá a tó, kò gbéra mọ́. Ó fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Kí n tó la ẹnu, ọmọ mìíràn ti dìde pé òun ti fi 3 pín nọ́ńbà náà, òun fi 7 pín in, òun tún fi 11 pín in, àti pé 1 ni gbogbo wọn ń ṣẹ́kù, bí ẹni pé wọ́n jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé práìmù ni nọ́ńbà yìí, ìyẹn ni pé yàtọ̀ sí 1 àti òun fúnra rẹ̀, kò sí odidi nọ́ńbà tó lè pín in láìṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n inú ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n, n kò tíì fi ojú ara mi rí ẹ̀rí rẹ̀. Bí mo bá ní kí wọ́n máa fi àwọn práìmù pín in lọ́kọ̀ọ̀kan, a ní láti dé 46340 kí a tó dúró, nítorí pé 46341 tí a bá fi lọ́po ara rẹ̀ ti ju nọ́ńbà náà lọ. Àwọn práìmù tó wà láàárín 2 àti 46340 sì lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ààbọ̀. Sáà kan kò ní tó wa.

Ohun tí mò ń béèrè ni ìdí tí géèmù náà fi dúró síbẹ̀, ìdí tí àṣẹ́kù 1 yẹn fi ń yọjú léraléra, àti pàápàá jù lọ, bóyá ọ̀nà kúkúrú kan wà tí ọmọ SS2 lè fi pẹ́ńsù àti kakulétọ̀ lásán tọ̀ láti rí i pé práìmù ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má kàn ní kí n tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà kí ó sọ fún mi.

Aṣáápù_Ìbàdàn:

Ẹ kú àárọ̀, sà. Ẹ jẹ́ kí n mú ìbéèrè àkọ́kọ́, nítorí pé òun ni iṣẹ́ òòjọ́ mi. Kọ̀ǹpútà kò mọ díjíìtì mẹ́wàá tí àwa ń lò, 0 àti 1 nìkan ló mọ̀. Ẹni tó bá ń ṣe géèmù yóò kọ́kọ́ ya àyè sọ́tọ̀ fún máàkì, àyè tó sì wọ́pọ̀ jù ni èyí tó ní ihò 32, tí ihò kọ̀ọ̀kan ń gba 0 tàbí 1. Ọ̀kan nínú àwọn ihò náà ni a fi ń mọ̀ bóyá nọ́ńbà ọ̀hún ga ju òdo tàbí ó rẹlẹ̀ sí i, nítorí náà 31 ló ṣẹ́kù tí a lè fi kà. Bí 1 bá ti kún gbogbo 31 náà, kò sí ibi tí ẹyọ kan sí i yóò jókòó sí.

Ẹ fi àjọ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún wọn. Ká ní ẹnì kan dá náírà 1 lọ́jọ́ kìíní, 2 lọ́jọ́ kejì, 4 lọ́jọ́ kẹta, tó ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì lójoojúmọ́. Bí ó bá fi dá a títí di ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n, ₦2,147,483,647 géérégé ni yóò wà lọ́wọ́ alájọ (ọjọ́ tí alájọ máa yọ gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́ tirẹ̀ ni wọn ó máa jà lé lórí). Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ náà ṣàkíyèsí pé níbikíbi tí a bá ti dúró, àpapọ̀ gbogbo ohun tí a ti dá fi 1 dín sí ohun tó yẹ kí a dá lọ́jọ́ kejì rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà náà fi jẹ́ 2^31 (ìyẹn 2 lọ́nà 2 lọ́nà 2, títí 2 yóò fi pé 31) dín 1.

Ọ̀pọ̀ ètò kọ̀ǹpútà ni kì í dúró jẹ́ẹ́ bí ti géèmù yẹn. Bí o bá fi 1 kún un, yóò bì ṣubú sí ìsàlẹ̀ òdo, yóò di −2147483648. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2014, YouTube sọ pé iye ìgbà tí àwọn ènìyàn ti wo orin Gangnam Style ti fẹ́ kọjá ohun tí òǹkà àwọn lè gbà, wọ́n sì fẹ àyè náà sí ihò 64. Àwọn kọ̀ǹpútà tó ń fi ihò 32 ka ìṣẹ́jú àáyá láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970 yóò dé ibi kan náà ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní ọdún 2038, ní aago mẹ́rin ìdájí kọjá ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú àáyá 7 ní Nàìjíríà. Bí ó bá jẹ́ fóònù àtijọ́ kan ni, yóò gbà pé oṣù Kejìlá ọdún 1901 ni a wà.

Ìyá_Olùkọ́_Fẹ̀yìntì:

Olùkọ́, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ. Ọmọ tó rí àṣẹ́kù 1 yẹn, ẹ bá mi fún un ní bírò kan. Kò mọ̀ pé ó ti fọwọ́ kan ohun tó dára jù lára nọ́ńbà náà.

Ẹ yọ 1 kúrò lára rẹ̀, kí ó di 2147483646. Ẹ fi 2 pín in, yóò ku 2^30 dín 1. Àwọn ọmọ SS2 sì ti mọ bí a ṣe ń tú irú èyí: nọ́ńbà kan tí a lọ́po ara rẹ̀, tí a yọ 1 kúrò lára rẹ̀, yóò di èyí tó fi 1 dín sí i lọ́nà èyí tó fi 1 lé sí i. Nítorí náà 2^30 dín 1 jẹ́ 32767 lọ́nà 32769. Ẹ tún tú méjèèjì. 7 lọ́nà 31 lọ́nà 151 ni ó fún wa ní 32767. 3 lọ́nà 3 lọ́nà 11 lọ́nà 331 ni ó fún wa ní 32769.

Ohun tí a rí ni pé 2147483646 jẹ́ 2 × 3 × 3 × 7 × 11 × 31 × 151 × 331. Ohunkóhun tó bá wà nínú ìdílé yẹn ti pín 2147483646 tán láìṣẹ́kù, nítorí náà bí o bá gbé e lé orí 2147483647, dandan ni kí ó ṣẹ́ku 1. Orí ọmọ yẹn ló gbé e lọ bá 3, 7 àti 11. Ká ní 5 ló fi pín in ni, 2 ni ìbá ṣẹ́kù. 13 ìbá sì ṣẹ́ku 10. Ẹ jẹ́ kí ó lọ dán 331 wò fúnra rẹ̀.

Ọmọ_Ìkẹ́rẹ́:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, ṣé ọ̀rọ̀ yìí kò ti gùn jù? 31 jẹ́ práìmù. Bí ohun tó wà lókè 2 bá ti jẹ́ práìmù, ohun tó bá jáde náà á jẹ́ práìmù. 2^3 dín 1 jẹ́ 7, 2^5 dín 1 jẹ́ 31, 2^7 dín 1 jẹ́ 127, práìmù sì ni gbogbo wọn.

Ìyá_Olùkọ́_Fẹ̀yìntì:

Ọmọ mi, tún rìn síwájú díẹ̀ sí i. 11 jẹ́ práìmù, ṣùgbọ́n 2^11 dín 1 jẹ́ 2047, 23 lọ́nà 89 sì ni. Ọ̀fìn tí o ṣubú sí yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé ńlá ti ṣubú sí i ṣáájú rẹ. Pietro Cataldi ará Ítálì yẹ 2^17 dín 1 àti 2^19 dín 1 wò dáadáa, ó sì jàre lórí méjèèjì. Lẹ́yìn náà ni ó wá sọ pé bẹ́ẹ̀ náà ni ti 23, 29, 31 àti 37 rí. Ní ọdún 1640, Fermat, onímọ̀ ìṣirò ará Faransé, fi 47 pín ti 23, ó sì fi 223 pín ti 37. Euler wá fi 233 pín ti 29 ní ọdún 1738. Nínú mẹ́rin tó sọ, ti 31 nìkan ni ó bọ́ sí i, kò sì ní ẹ̀rí fún un. Mersenne, tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ìdílé nọ́ńbà yìí, ṣe bákan náà ní ọdún 1644: ó ka 67 mọ́ àwọn tó jẹ́ práìmù, ṣùgbọ́n Frank Nelson Cole fi hàn ní ọdún 1903 pé 193707721 lọ́nà 761838257287 ni.

Ohun tó jóòótọ́ ni òdì-kejì rẹ̀: bí ohun tó wà lókè kò bá jẹ́ práìmù, ohun tó jáde kò lè jẹ́ ẹ. Ihò 64 tí Aṣáápù dárúkọ, 2^63 dín 1 ni òpin tirẹ̀; 3 pín 63, nítorí náà 7, ìyẹn 2^3 dín 1, pín nọ́ńbà náà, kódà ẹ̀ẹ̀mejì ló pín in. Ẹ jẹ́ kí èyí yé àwọn ọmọ, nítorí wọn yóò rò pé nítorí pé géèmù dúró níbẹ̀ ni nọ́ńbà náà fi jẹ́ práìmù. Ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Àgbà_Ìṣirò_Abẹ́òkúta:

Ẹ ṣeun, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n wá sí ibi tó le, ìyẹn ẹ̀rí rẹ̀. Ní ọdún 1772 ni Leonhard Euler parí ọ̀rọ̀ náà, nígbà tó wà ní St. Petersburg, tí ojú rẹ̀ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán. Kò fi gbogbo práìmù pín in. Ó kọ́kọ́ bi nọ́ńbà náà léèrè irú ẹni tó lè pín in, ó sì dé ìdí ọ̀rọ̀ náà kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pín ohunkóhun.

Báyìí ni mo máa ń ṣàlàyé rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká gbà pé práìmù kan wà tó pín nọ́ńbà yìí láìṣẹ́kù, kí a pè é ní p. Ìyẹn ni pé bí a bá fi p pín 2^31, 1 ni yóò ṣẹ́kù. Ẹ to 1, 2, 4, 8, 16 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹ fi p pín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa kọ àṣẹ́kù wọn bí ẹni ń ka ọjọ́. Ọjọ́ tí àṣẹ́kù bá jẹ́ 1 ni ọjọ́ ọjà. Ọjọ́ òdo jẹ́ ọjọ́ ọjà, nítorí 1 ni a fi bẹ̀rẹ̀; ìgbàkígbà tí 1 bá sì padà dé, gbogbo ohun tó ti kọjá ni yóò tún ara rẹ̀ ṣe, nítorí náà àlàfo láàárín ọjà kan àti èkejì kì í yẹ̀. (Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ kí wọ́n má fi ìkà ọjà tiwa ṣe é, níbi tí a ti ń ka ọjọ́ òní mọ́ ọn, tí ọjà ọrún-ún fi ń bọ́ sí ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin. Níbí, ọjọ́ òní kò sí nínú ìkà.)

Ọjọ́ 31 jẹ́ ọjọ́ ọjà, nítorí náà àlàfo náà gbọ́dọ̀ pín 31 láìṣẹ́kù. Ṣùgbọ́n práìmù ni 31 fúnra rẹ̀. Àlàfo kò sì lè jẹ́ 1, torí pé 2 ni àṣẹ́kù ọjọ́ kìíní. Ó di dandan kí àlàfo jẹ́ 31. Òfin Fermat tún sọ fún wa pé bí práìmù p kò bá jẹ́ 2, ọjọ́ p dín 1 náà á jẹ́ ọjọ́ ọjà. Nítorí náà 31 gbọ́dọ̀ pín p dín 1. Bẹ́ẹ̀ ni 2 pẹ̀lú gbọ́dọ̀ pín in, nítorí pé 2 kò lè jẹ́ p. Kí ni ó kù? p gbọ́dọ̀ fi 1 lé sí ìlọ́po 62. Láti 1 dé 46340, nọ́ńbà 747 péré ló ní ìrísí yẹn. Ẹ dán an wò lára 2047 tí Màmá mú wá: níbẹ̀, ìlọ́po 22 ni a ó lò, 23 sì jẹ́ 22 àti 1, 89 jẹ́ 88 àti 1.

Euler kò dúró síbẹ̀. Bí 2^31 bá ń ṣẹ́ku 1, 2^32 yóò ṣẹ́ku 2. 2^32 sì ni 65536 tí a lọ́po ara rẹ̀. Nígbà tí a bá ti rí nọ́ńbà tí a lọ́po ara rẹ̀ tó ń ṣẹ́ku 2 lábẹ́ p, òfin mìíràn wà pé p fúnra rẹ̀, bí a bá fi 8 pín in, 1 tàbí 7 nìkan ni yóò ṣẹ́kù. (Òfin yìí ni ẹ ó ní kí àwọn ọmọ gbà lọ́wọ́ yín, ẹ̀rí rẹ̀ ju SS2 lọ.) Pa méjèèjì pọ̀, p di ìlọ́po 248 tó lé 1, tàbí ìlọ́po 248 tó lé 63. Bí a bá yọ 63 fúnra rẹ̀ kúrò, tí kì í ṣe práìmù, 372 ló kù. Ẹ tún yọ àwọn tí 3, 5, 7 àti àwọn ẹgbẹ́ wọn lè pín. Àwọn práìmù tó ṣẹ́kù kò tó 100. Mẹ́ta àkọ́kọ́ nínú wọn ni 311, 1303 àti 1489.

Ẹ wo bí a ó ṣe yẹ 311 wò láìlo kakulétọ̀ rárá. 2^8 jẹ́ 256, ó fi 55 dín sí 311, a ó kọ ọ́ ní −55. Lọ́po ara rẹ̀, 3025, mú 311 mẹ́wàá kúrò, ó ku −85. Ìyẹn ni 2^16. Lọ́po ara rẹ̀, 7225, mú 311 mẹ́tàlélógún kúrò, ó ku 72. Ìyẹn ni 2^32. Ìdajì rẹ̀, 36, ni 2^31. Yọ 1, ó ku 35. 311 ti kùnà. Ìlà mẹ́rin péré.

Akẹ́kọ̀ọ́_Ìlọrin:

Ẹ ṣé gan-an, bàbá. Mo gbé 1303 fúnra mi, ẹ jọ̀wọ́ ẹ bá mi wò ó. 2^10 jẹ́ 1024, ó sì jìnnà sí 1303 ní 279. Mo lọ́po 279 ara rẹ̀, mo rí 77841, tó ṣẹ́ku 964. Ìyẹn ni 2^20. Mo fi 279 lọ́po 964, mo rí 268956, tó ṣẹ́ku 538; ìyẹn ni 2^30. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 1076, mo yọ 1, ó ku 1075. Kò pín in, àbí?

Àgbà_Ìṣirò_Abẹ́òkúta:

Àbúrò, ibi tó yẹ kí o dé ni o dé, ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn ni o gbà. 1024 kò dé 1303, nítorí náà −279 ni, kì í ṣe 279. Nígbà tí o lọ́po ara rẹ̀, àmì náà pa ara rẹ̀ rẹ́, kò sì ṣe ọ́ ní ibi, 964 tọ̀nà. Ṣùgbọ́n nígbà tí o tún padà lò ó fún 2^30, àmì náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e: −538 ni, ìyẹn 765. Ìlọ́po méjì 765 jẹ́ 1530, yọ 1303, ó ku 227, yọ 1, ó ku 226. Ẹ lè fi kakulétọ̀ jẹ́rìí sí i: 1303 lọ́nà 1648107 jẹ́ 2147483421, ó sì ku 226 kí ó pé. Olùkọ́, àmì yìí ni ẹ ó máa ṣọ́ ní kíláàsì. Ọmọ tó gbàgbé rẹ̀ lè sọ pé nọ́ńbà kan kò pín in, nígbà tó jẹ́ pé ó pín in.

Aṣáápù_Ìbàdàn:

Ọ̀nà kan wà tó tún kúrú ju ti Euler lọ, Édouard Lucas ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, D. H. Lehmer sì tún un ṣe ní ọdún 1930. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4. Ẹ lọ́po ara rẹ̀, ẹ yọ 2, ẹ fi nọ́ńbà tí ẹ ń yẹ̀ wò pín in, kí ẹ sì mú àṣẹ́kù nìkan lọ sí ìgbésẹ̀ tó kàn. Bí ohun tó wà lókè 2 bá jẹ́ 7, ìgbésẹ̀ 5 ni ẹ ó gbé, tí ó bá jẹ́ 31, ìgbésẹ̀ 29. Bí òdo bá jáde ní ìgbésẹ̀ tó kẹ́yìn, práìmù ni. Bí kò bá jáde, kì í ṣe práìmù.

Fún 127: 4 di 14, 14 di 194 tó ṣẹ́ku 67, 67 di 42, 42 di 111. 111 lọ́po ara rẹ̀ jẹ́ 12321, yọ 2, 12319, ìyẹn sì ni 127 lọ́nà 97 géérégé. Òdo. Mo ṣe é fún 2147483647 lórí kọ̀ǹpútà láàárọ̀ yìí, mo rí 4, 14, 194, 37634, 1416317954, lẹ́yìn náà ni àwọn nọ́ńbà náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò kiri láìní létòlétò, títí ìgbésẹ̀ kọkàndínlọ́gbọ̀n fi fún mi ní òdo. Lóòótọ́, kakulétọ̀ kò ní lè gbé e, nítorí pé 1416317954 tí a bá lọ́po ara rẹ̀ ti di díjíìtì 19.

Ìyá_Olùkọ́_Fẹ̀yìntì:

Ó dára, ó sì yá, ṣùgbọ́n bí ọmọ kan bá bi ọ́ pé kí ló dé tí òdo fi túmọ̀ sí práìmù, kí ni o máa sọ fún un? Èmi ò ní kí o má fi hàn wọ́n, àmọ́ kí ó jẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fi ọwọ́ ara wọn ṣe ti Euler tán. Olùkọ́, ìmọ̀ràn tèmi ni pé kí ẹ fi àkókò kan ṣa àwọn 372 náà, kí àwọn ọmọ pa èyí tí kì í ṣe práìmù rẹ́. Lẹ́yìn náà, kí ẹ pín èyí tó kù láàárín wọn. Bí ọmọ 40 bá wà, méjì tàbí mẹ́ta ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí ọmọ méjì tí kò jókòó papọ̀ gba nọ́ńbà kan náà, kí ẹ lè mọ ẹni tó ṣìṣe.

Atúmọ̀_Èdè_Ọ̀yọ́:

Èmi kì í ṣe oníṣirò, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa pe nọ́ńbà yìí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Bílíọ̀nù méjì, mílíọ̀nù mẹ́tàdínláàádọ́jọ, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀rìnlénírinwó ó lé mẹ́ta, àti ẹgbẹ̀ta ó lé mẹ́tàdínláàádọ́ta. Bí ó bá jẹ́ owó ẹyọ ni, tí àpò kan jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000, àpò 107,374 ni yóò kún, ẹyọ 3,647 yóò sì ṣẹ́kù sílẹ̀.

Ohun tó sì dùn mọ́ mi nínú gbogbo ohun tí ẹ ń sọ ni ọ̀rọ̀ "dín 1" yẹn. Ọmọ tó ti ń ka ọ̀kàndínlógún, ọ̀kàndínlọ́gbọ̀n, ọ̀kàndínlógójì láti kékeré ti mọ̀ pé èèyàn lè pe nọ́ńbà kan nípa dídúró sí orí èyí tó ń bọ̀ níwájú, kí ó wá wo ẹ̀yìn ní ìṣísẹ̀ kan. Gbogbo ìdílé nọ́ńbà Mersenne, bí a ṣe ń ka ọ̀kàndínlógún ni a ṣe ń kà wọ́n.

Olùkọ́_Òṣogbo:

Ẹ̀yin ará, mo padà dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi ṣe é. Ọjọ́ kìíní, mo ṣàlàyé ọjọ́ ọjà Àgbà Abẹ́òkúta, ó sì yé wọn ju bí mo ti rò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ní láti to àṣẹ́kù ìlọ́po 2 lábẹ́ 31 sí ojú pátákó (1, 2, 4, 8, 16, ó tún di 1) kí wọ́n tó gbà pé àlàfo kì í yẹ̀. Ọjọ́ kejì ni a ṣa àwọn 372. Ọjọ́ kẹta ni a pín wọn káàkiri, méjì-méjì gẹ́gẹ́ bí Màmá ti sọ.

Ìmọ̀ràn yẹn ló gbà mí. Ọmọbìnrin kan tí 1489 kàn dìde, ó ní òdo ni òun rí, òun ti pín in! Gbogbo kíláàsì hó. Mo wo ìwé ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ ní 1489, 199 ló wà níbẹ̀. A wá gbé ìṣirò ọmọbìnrin náà sí ojú pátákó, a rí i pé ìlà tó kẹ́yìn ni ó ti yọ 200 dípò 1, torí pé 200 ni àṣẹ́kù 2^31, ó sì rò pé òun ni kí òun yọ kúrò. Inú rẹ̀ kò dùn, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló rí àṣìṣe náà kí n tó fi ìka tọ́ ọ. Nígbà tí aago lù, kò sí nọ́ńbà kankan tó ṣẹ́ku òdo.

Ọmọ tó ń gbá géèmù kò tíì fi mí sílẹ̀ o. Ó ní 2^5 dín 1 jẹ́ 31, 31 sì jẹ́ práìmù; 2^31 dín 1 ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ wò yìí, práìmù ni òun náà; ṣé bí a bá gbé 2147483647 lọ sí orí 2, tí a yọ 1, práìmù ni yóò tún jẹ́? N kò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ fún un.

Aṣáápù_Ìbàdàn:

Sà, ẹ kí ọmọ yẹn fún mi. Nọ́ńbà tó ń béèrè yẹn, bí a bá ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀, díjíìtì rẹ̀ ju mílíọ̀nù 646 lọ. Práìmù tó tóbi jù tí a tíì rí títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, 2^136279841 dín 1, díjíìtì 41,024,320 péré ni ó ní. (Ní ọdún 1811, Peter Barlow kọ ọ́ pé nọ́ńbà pípé (nọ́ńbà tí gbogbo àwọn tó kéré sí i tó pín in, bí a bá ro wọ́n pọ̀, yóò bá a dọ́gba) tí a ti ara 2147483647 rí, ìyẹn 2305843008139952128, ni yóò tóbi jù láéláé, torí pé kò sí ẹni tí yóò ṣe wàhálà láti wá èyí tó ju ú lọ. Kò mọ irú ènìyàn tí ọmọ yín jẹ́.)

Ṣùgbọ́n ìdáhùn wà, ọ̀nà Euler kan náà ni ó sì gbà wá. Ohun tó bá máa pín nọ́ńbà ràbàtà yẹn gbọ́dọ̀ fi 1 lé sí ìlọ́po 2 lọ́nà 2147483647, bí ti wa ṣe fi 1 lé sí ìlọ́po 62. Wọ́n wá a lọ bẹ́ẹ̀ títí wọ́n fi rí 295257526626031, tó pín in láìṣẹ́kù. Ìdílé náà já síbẹ̀, kì í ṣe práìmù. Ẹ ní kí ó yọ 1 kúrò lára nọ́ńbà tí mo kọ yìí, kí ó fi 2147483647 pín ohun tó kù, kí ó sì sọ ohun tó rí fún yín. Bí ó bá rí 137490, ó ti ṣe é dáadáa. Kí ó tún fi 8 pín 295257526626031, kí ó wò ó bóyá 7 ni yóò ṣẹ́kù.